Iyanrìn Tí Kò Hó

Ẹja mẹ́sàn-án ló léfòó sójú omi, ikùn gbogbo wọn kọjú sókè. Ẹni tó ni wọ́n nà gbalaja sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpótí gíláàsì ńlá náà, àkàsọ̀ kékeré kan sì dà lé e lẹ́sẹ̀. Tíṣà ni bàbá náà kó tó fẹ̀yìn tì, ọgbọ̀n ọdún ló fi kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní kẹ́místìrì. Ṣùgbọ́n Bàbá Ẹlẹ́ja ni gbogbo àdúgbò mọ̀ ọ́n sí, nítorí ẹja òkun tó ń sìn nínú pálọ̀ rẹ̀. Ọmọ rẹ̀ obìnrin, tó jẹ́ nọ́ọ̀sì, ló bá a bẹ́ẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ Ajé. Ó fi kọ́kọ́rọ́ ṣílẹ̀kùn, ó wọlé, ó sì figbe ta.

Àwọn ọlọ́pàá tó kọ́kọ́ débẹ̀ rò pé ọ̀rọ̀ náà ò le. Àpò òfìfo méjì wà nílẹ̀, iyanrìn tuntun funfun báláú sì wà nísàlẹ̀ àpótí. Arúgbó gun àkàsọ̀ láti pààrọ̀ iyanrìn ẹja rẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ yọ̀, ó fi orí gbálẹ̀, ó tán. Dókítà tó yẹ òkú wò ló ní kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yìn orí ni wọ́n ti fi nǹkan wúwo gbá bàbá, nǹkan ọ̀hún sì fọ́, torí èérún ìgò kan há sínú irun rẹ̀. Ilẹ̀kùn wà ní títì pa nígbà tí ọmọ rẹ̀ dé, kọ́kọ́rọ́ bàbá fúnra rẹ̀ sì wà nínú àpò ẹ̀wù rẹ̀. Èèyàn méjì péré ló tún ní irú rẹ̀. Ọ̀kan ni Nọ́ọ̀sì, tí odindi ọsibítù lè jẹ́rìí pé ó wà lẹ́nu iṣẹ́ láti àárọ̀ ọjọ́ Àìkú títí di àárọ̀ ọjọ́ Ajé. Èkejì ni obìnrin tó ń bá bàbá tọ́jú ẹja, tí wọ́n ń pè ní Adúmáadán. Kí oòrùn tó wọ̀, Adúmáadán ti wà ní àhámọ́, òun àti ọmọ oṣù mẹ́ta tó pọ̀n sẹ́yìn.

Ọ̀gá àgọ́ ò fọ̀rọ̀ falẹ̀. Ó ní bó bá di aago méjì ọ̀sán ọjọ́ Ìṣẹ́gun, obìnrin náà ń lọ sí kóòtù, láti kóòtù ó di ọgbà ẹ̀wọ̀n, títí ìwádìí á fi parí. Wọn ò ní jẹ́ kó gbé ọmọ dání débẹ̀.

Ìnsípẹ́kítọ̀ tí wọ́n gbé ẹjọ́ náà lé lọ́wọ́ ni àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń pè ní Sùúrù. Ẹ má rò pé ó ní sùúrù o. Wọ́n sọ ọ́ lórúkọ yẹn bí ìgbà tí èèyàn bá ń pe òmìrán ní Kékeré ni. Tíì rẹ̀ kì í tutù kó tó gbé e mu, ahọ́n rẹ̀ sì ti bó tán nítorí ẹ̀. Ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ ní sùúrù, ohun tí ojú yẹn bá sì ti rí kì í sọnù mọ́.

Aago mẹ́jọ àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun ló dé ẹnu àhámọ́. Adúmáadán ń fún ọmọ lọ́mú.

"Ẹ káàárọ̀, sà."

"Káàárọ̀. Ṣé ọmọ sùn?"

"Kò sùn, sà. Ẹ̀fọn ò jẹ́."

Sùúrù yíjú sí sájẹ́ńtì rẹ̀, obìnrin kúkúrú kan tí ọ̀rọ̀ ò pọ̀ lẹ́nu rẹ̀. "Ṣílẹ̀kùn fún un. Ọ́fíìsì mi la ti máa sọ̀rọ̀."

Nígbà tí wọ́n jókòó, kò bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú òkú. Ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú iyanrìn.

"Wọ́n ní ìwọ lò ń bá bàbá pààrọ̀ iyanrìn ẹja."

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Ṣùgbọ́n kì í ṣe lọ́jọ́ kan. Ọ̀nà mẹ́rin la pín ìsàlẹ̀ àpótí náà sí. Ìdá kan lọ́sẹ̀ méjì-méjì. A ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe ìdá kan ni, ó ku mẹ́ta."

"Kí ló dé tẹ́ ò ṣe é lẹ́ẹ̀kan, kẹ́ ẹ sinmi?"

Adúmáadán wò ó bí ẹni tó bi í pé kí ló dé tí kò fún ọmọ rẹ̀ lóúnjẹ oṣù kan lẹ́ẹ̀kan náà. "Ẹja á kú ni, sà. Iyanrìn tó ti pẹ́ nísàlẹ̀ omi, májèlé ti kóra jọ sábẹ́ rẹ̀. Òórùn ẹ̀ dà bíi ti ẹyin tó bàjẹ́. Tẹ́ ẹ bá tú u lẹ́ẹ̀kan, májèlé yẹn á bọ́ sómi. Àwọn kòkòrò tíntìntín tójú ò rí, tó ń bá wa jẹ ìdọ̀tí ẹja, inú iyanrìn yẹn náà ni wọ́n ń gbé. Tẹ́ ẹ bá kó o dànù tán, ẹ ti lé gbogbo òṣìṣẹ́ ilé lọ nìyẹn. Bàbá mọ̀ bẹ́ẹ̀. Bàbá ló kọ́ mi."

"Irú iyanrìn wo lẹ ń dà sí i?"

"Ti ìkarahun, sà. Ìkarahun inú òkun tó ti lọ̀ kúnná. Òun ni kì í jẹ́ kómi kan. Kò gbọdọ̀ jẹ́ iyanrìn odò rárá. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ dá a mọ̀, ẹ kán fínígà sí i. Tó bá hó, òun ni. Tí kò bá hó, ẹ gbé e fún bíríkìlà kó fi rẹ́ ògiri."

Sùúrù rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ó ṣí fóònù rẹ̀, ó fi fọ́tò àpótí náà hàn án. Adúmáadán fọwọ́ bo ẹnu nígbà tó rí àwọn ẹja. Lẹ́yìn náà ló súnmọ́ fọ́tò náà, ó sì fajú ro.

"Ta ló tẹ́ ẹ báyìí? Ẹ wo ìpele mẹ́ta lára gíláàsì! Òkúta wẹ́wẹ́ nísàlẹ̀, iyanrìn oníhóró ńlá láàárín, èyí tó kúnná lókè. Gbogbo ìdọ̀tí ló máa há sáàárín òkúta yẹn, á máa jẹrà síbẹ̀. Kò sẹ́ni tó ń sin ẹja òkun tó jẹ́ ṣe báyẹn, sà."

"Ìgbà wo lo rí bàbá gbẹ̀yìn?"

"Ọ̀sán ọjọ́ Àbámẹ́ta. Mo fọ iyanrìn tuntun, mo sá a sẹ́yìnkùlé. Bàbá ń yẹ omi ẹ̀rọ wò kó tó po iyọ̀ òkun mọ́ ọn. Ẹ rí i, oògùn apakòkòrò tí ilé-iṣẹ́ omi ń dà sómi, ẹja òkun ò fẹ́ ẹ. A máa ń kán nǹkan sí i láti fi pa agbára rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tá ò ti kán nǹkan kan sí i. Bàbá ní kò sí oògùn kankan nínú omi ẹ̀rọ mọ́. Ó ń bu omi náà pamọ́ sínú ìgò nípọn-nípọn, ó ń lẹ ọjọ́ mọ́ ọn. Ìgò mẹ́fà. Orí pẹpẹ òkè àpótí ló tò wọ́n sí."

"Ọkọ ọmọ rẹ̀ sọ fún wa pé bàbá fẹ́ lé ọ kúrò níṣẹ́."

Obìnrin náà gbé ọmọ sí èjìká kejì. Ojú rẹ̀ ò yẹ̀. "Ẹnjiníà? Kò bá mi sọ̀rọ̀ kọjá 'ẹ káàsán' rí. Ìka tó bá ṣẹ̀ lọba ń gé, sà. Èmi ò ṣẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ọmọ yìí ò tíì mọ ohun tí wọ́n ń pè ní ìgò oúnjẹ. Ọmú nìkan ló mọ̀."

Sùúrù dìde lórí àga. Ẹ̀rù bà á láti ṣe ìlérí tí kò mọ̀ bóyá ó lè mú ṣẹ.

Ní aago mẹ́sàn-án ààbọ̀, òun àti sájẹ́ńtì ti wà nínú pálọ̀ Bàbá Ẹlẹ́ja. Pẹpẹ wà lókè àpótí lóòótọ́. Eruku bò ó, àmì ìdí ìgò mẹ́fà sì wà nínú eruku náà roboto-roboto, ṣùgbọ́n kò sí ìgò kankan. Wọ́n gbálẹ̀ pálọ̀, wọ́n wo abẹ́ àga, wọ́n tú garawa pàǹtí. Kò sí èérún ìgò kan níbẹ̀.

"Sájẹ́ńtì, wo ilé ìdáná bóyá fínígà wà."

Ó wà. Sùúrù bu iyanrìn inú àpótí sí àwo, ó fi omi tútù ṣàn án, ó kán fínígà sí i. Iyanrìn náà dákẹ́ jẹ́ẹ́. Wọ́n jáde sẹ́yìnkùlé. Tapólì kan wà ní títẹ́ síbẹ̀, iyanrìn mìíràn tó pọ́n díẹ̀ wà lórí rẹ̀, ó ti gbẹ nínú oòrùn. Sùúrù kán fínígà sí òun náà, ó sì hó ṣùù bí ọṣẹ.

"Kò tó ẹsẹ̀ bàtà ogún sí àpótí," ni sájẹ́ńtì wí. "Ẹni tó pààrọ̀ iyanrìn yẹn rìn kọjá lára èyí, kò sì mọ̀ pé òun gan-an la ń wá."

"Tàbí kó rí i," Sùúrù dáhùn, "kó sì pè é ní pàǹtí."

Wọ́n bá Nọ́ọ̀sì nínú yàrá bàbá rẹ̀, ó ń ká aṣọ olóògbé. Ojú rẹ̀ ti wú. Kó tó di pé wọ́n bi í léèrè ló ti bẹ̀rẹ̀.

"Ẹ má jẹ́ kí obìnrin yẹn bọ́ o. Ọmọ la fi ṣe nínú ilé yìí. Àwo kan náà la fi ń jẹun. Èmi ni mo wẹ ọmọ rẹ̀ lọ́jọ́ tó bí i!"

"Ẹ pẹ̀lẹ́, ìyá. Ṣé ẹ bá bàbá sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ Àìkú?"

"Ó pè mí ní aago mẹ́ta ọ̀sán. Mi ò ráyè. Ọmọ mọ́kànlá ló wà nílẹ̀ lọ́dọ̀ wa, gbogbo wọn ń bì, wọ́n ń yàgbẹ́ bí omi. Bàbá bi mí pé àdúgbò wo ni wọ́n ti wá. Mo ní gbogbo àdúgbò ni. Ó wá ní òun á bá ẹnì kan sọ ọ́ lọ́jọ́ náà gan-an, kí ilẹ̀ ọjọ́ Ajé tó mọ́." Ó nu ojú rẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀wù bàbá rẹ̀. "Mi ò bi í pé ta ni."

"Ọkọ yín ńkọ́?"

"Ó ti lọ síbi iṣẹ́. Ó ní iṣẹ́ omi kì í dúró de òkú."

Aago mọ́kànlá ti kọjá nígbà tí wọ́n wọ ọgbà ilé-iṣẹ́ omi. Ẹnjiníà ni ọ̀gá níbẹ̀, ọkùnrin gíga, ẹ̀wù rẹ̀ mọ́ tónítóní, ó sì tètè pàṣẹ àga fún àlejò. Sùúrù ò jókòó. Ojú rẹ̀ ti lẹ̀ mọ́ ohun kan tó wà lórí tábìlì: ọ̀pá gíláàsì kan tó ga tó ìgbọ̀nwọ́, iyanrìn nínú rẹ̀. Òkúta wẹ́wẹ́ nísàlẹ̀, iyanrìn oníhóró ńlá láàárín, èyí tó kúnná lókè.

"Nǹkan ẹwà nìyí," ni Sùúrù wí.

Inú Ẹnjiníà dùn. "Àwọn ọmọ ilé ìwé tó bá wá wo ibí là ń fi hàn. Bí àgbá tá a fi ń sẹ́ omi ṣe rí nínú gan-an nìyẹn. Ẹni tó bá tò ó sódì, omi ò ní mọ́."

"Ẹ máa ń pààrọ̀ rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ ni?"

"Díẹ̀díẹ̀ kẹ̀? Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni. A ó pa omi, a ó kó ti àtijọ́ jáde pátápátá, a ó da tuntun sí i. Ìdọ̀tí kì í ṣe ohun tí èèyàn ń bá gbìmọ̀ pọ̀."

"Báwo lẹ ṣe ń mọ iyanrìn tó dáa?"

"Ásíìdì ni, ọ̀gá mi. A ó kán ásíìdì sí i. Tó bá hó, ìkarahun ló wà nínú rẹ̀, dídànù ni. Iyanrìn gidi, ẹ kán ohun tẹ́ ẹ bá fẹ́ sí i, kò ní fọhùn." Ó rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ló rántí pé ọ̀fọ̀ ṣẹ òun, ó sì fajú ro. "Ẹ máa bínú, iṣẹ́ yìí ló gbà mí lọ́kàn. Ṣé ẹ ti gbé obìnrin yẹn lọ sí kóòtù? Kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ ló wà. Mo ti ń sọ fún bàbá tipẹ́."

Sájẹ́ńtì wọlé, ó fẹnu sí Sùúrù létí. Ó ti rìn yí ọkọ̀ Ẹnjiníà po nínú ọgbà. Wọ́n ti fọ́n lọ́fíńdà sí i bí ẹni ń lọ sóde ìyàwó, ṣùgbọ́n abẹ́ lọ́fíńdà náà, ẹyin bíbàjẹ́ ló ń rùn ní búùtù.

"Ẹnjiníà," ni Sùúrù wí, "ibo lẹ máa ń da iyanrìn àtijọ́ sí?"

"Ẹ̀yìn ọgbà. Kí ló dé?"

"Mo fẹ́ rí i ni. Ẹ jẹ́ ká jọ lọ."

Kí wọ́n tó lọ, Sùúrù ní kí sájẹ́ńtì lọ gbé Nọ́ọ̀sì wá. Aago méjìlá kọjá ogún ìṣẹ́jú.

Òkìtì iyanrìn tó wà lẹ́yìn ọgbà ga ju èèyàn lọ. Gbogbo rẹ̀ ló pọ́n, ó sì gbẹ. Òṣìṣẹ́ méjì bẹ̀rẹ̀ sí í fi ṣọ́bìrì wà á, Sùúrù ń rìn síwá sẹ́yìn, ó ń wo aago rẹ̀, ó ń bú wọn pé wọ́n ń wa ilẹ̀ bí ẹni ń fọ́ ẹyin. Ẹnjiníà dúró, ó ká ọwọ́ sáyà. Ó ń sọ pé iṣẹ́ ń dúró de òun. Aago kan lù. Wọ́n ti wa ẹ̀gbẹ́ mẹ́ta, wọn ò rí nǹkan kan. Fóònù Sùúrù dún, ọ̀gá àgọ́ ni: ọkọ̀ kóòtù ti dé, ẹni tó fẹ́ gba ọmọ lọ́wọ́ Adúmáadán náà ti dé.

"Ẹ fún mi ní ààbọ̀ wákàtí, sà," ni Sùúrù wí. Ọ̀gá rẹ̀ pa fóònù mọ́ ọn létí.

Bí Nọ́ọ̀sì ti ń sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ọlọ́pàá ni ọ̀kan nínú àwọn òṣìṣẹ́ fọwọ́ dímú. Ṣọ́bìrì rẹ̀ ti kan iyanrìn kan tó dúdú, tó tutù, òórùn rẹ̀ sì ta sókè. Sùúrù kúnlẹ̀ sínú rẹ̀ tòun ti ṣòkòtò tó lọ̀. Ó fi ọwọ́ tú u. Èérún ìgò nípọn-nípọn ń dán láàárín iyanrìn náà. Ó mú èyí tó tóbi jù nínú wọn, bébà kékeré kan ṣì lẹ̀ mọ́ ọn.

Nọ́ọ̀sì súnmọ́ ọn. Ó gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, ó ka ọjọ́ tó wà lára bébà náà. "Ọwọ́ bàbá mi nìyí," ló wí.

Sùúrù yọ ìgò fínígà jáde lápò, ó dà á sórí iyanrìn dúdú náà. Ó hó.

"Iyanrìn ilé-iṣẹ́ yín kì í fọhùn, Ẹnjiníà. Ẹnu ẹ̀yin ni mo ti gbọ́ ọ. Kí lèyí ń wí?"

"Ẹnikẹ́ni lè da pàǹtí síbí! Ọgbà ò ní ilẹ̀kùn lẹ́yìn."

"Ó lè rí bẹ́ẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi." Fún ìgbà àkọ́kọ́ láti àárọ̀, Sùúrù dúró sójú kan. "Èérún ìgò wà nínú irun bàbá, kò sì sí ìgò nílé. Ibo ló wọlé sí? Iwájú àpótí ni bàbá dúró sí nígbà tí wọ́n gbá a. Ìgò tí wọ́n fi gbá a fọ́ sínú omi. Ọwọ́ bàbá gbá pẹpẹ, àwọn tó kù yí tẹ̀lé e, wọ́n fọ́ lórí àpáta inú omi. Apànìyàn ò lè fi ọwọ́ ṣa èérún ìgò nínú iyanrìn tán. Ó kó gbogbo iyanrìn náà, ó sì fi àkàsọ̀ purọ́ fún wa. Títí dé ibẹ̀, ó gbọ́n. Ṣùgbọ́n ó ní láti dá iyanrìn padà. Adúmáadán ì bá dá ti ìkarahun padà, ẹ̀yìnkùlé ló wà, òun ló fọ̀ ọ́. Ẹni tó ṣe iṣẹ́ yìí rí i, ó gbà pé pàǹtí ni. Ó lọ gbé èyí tí òun mọ̀ sí iyanrìn gidi. Ọwọ́ rẹ̀ wá tò ó bó ṣe ń tò ó láti ogún ọdún: òkúta, oníhóró, kíkúnná. Kò sẹ́ni tó ní kó ṣe bẹ́ẹ̀. Ọwọ́ ò mọ ọ̀nà mìíràn ni. Bàbá ti rí i pé ẹ ò da oògùn sómi mọ́, ó sì fi ìgò mẹ́fà pa ẹ̀rí rẹ̀ mọ́."

"Irọ́ ni! Ilẹ̀kùn wà ní títì. Mi ò ní kọ́kọ́rọ́!"

Nọ́ọ̀sì ṣì mú èérún ìgò náà lọ́wọ́, ẹ̀jẹ̀ ti ń yọ díẹ̀ láàárín ìka rẹ̀, kò sì mọ̀.

"Orí ìṣó ni kọ́kọ́rọ́ mi máa ń wà," ló wí, ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀. "Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, kò sí níbẹ̀. Mo wá a títí. Àpò ṣòkòtò rẹ ni mo ti rí i. Mo rò pé ọmọ ọ̀dọ̀ ló gbé e síbẹ̀, a ò sì ní ọmọ ọ̀dọ̀. Mo kàn fẹ́ rò ó bẹ́ẹ̀ ni."

Ẹnjiníà wo ìyàwó rẹ̀. Gbogbo gíga rẹ̀ ló rọ̀ lójú wọn.

"Ẹ̀rọ tó ń da oògùn sómi ló bàjẹ́," ló wí. "Mo ti fọwọ́ sí i pé mo ti tún un ṣe. Mo fẹ́ tún un ṣe, mò ń wá ọ̀nà ẹ̀. Bàbá ní kí n lọ jẹ́wọ́ kílẹ̀ ọjọ́ Ajé tó mọ́, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ òun á lọ fúnra òun. Mo ní kó fún mi ní ìgò yẹn. Ó kọ̀yìn sí mi, ó ń fún ẹja lóúnjẹ bí ẹni pé mi ò sí níbẹ̀. Mi ò fẹ́ pa á."

"Ọmọ mọ́kànlá," Nọ́ọ̀sì wí. "Èmi ni mò ń nu èébì wọn. O ń bi mí lálaalẹ́ pé iṣẹ́ ńkọ́."

Kò tún wò ó mọ́. Ó mú fóònù, ó pe ọsibítù, ó ní kí wọ́n sọ fún gbogbo ìyá ọmọ pé wọn ò gbọdọ̀ fún ọmọ lómi ẹ̀rọ láìsè. Ó sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì, ohùn rẹ̀ ò gbọ̀n. Lẹ́yìn ìyẹn ló jókòó sórí òkìtì iyanrìn.

Sájẹ́ńtì ló wa ọkọ̀ padà sí àgọ́, kò sì bọ̀wọ̀ fún kòtò kankan lójú ọ̀nà. Aago méjì ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni wọ́n wọlé. Adúmáadán ti wà lẹ́nu ọkọ̀ kóòtù, ó di ọmọ mọ́ àyà, obìnrin kan tó wọ yunifọ́ọ̀mù sì na ọwọ́ sí i pé kó gbé e wá. Sùúrù fò bọ́ọ́lẹ̀ kí ọkọ̀ tó dúró. Ó pariwo débi pé ọ̀gá àgọ́ yọjú lójú fèrèsé.

Wọ́n tú ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ lọ́wọ́ ẹnì kan, wọ́n fi sọ́wọ́ ẹlòmíràn. Nọ́ọ̀sì rìn kọjá lára ọkọ rẹ̀, ó lọ bá Adúmáadán, ó sì kúnlẹ̀ síwájú ẹni tó fi ọdún mẹ́wàá jù lọ.

"Èmi ni mo ní kí wọ́n mú ọ. Foríjì mí."

"Ẹ dìde, Àǹtí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kúnlẹ̀ fún mi. Bàbá kan náà ló kú fún wa."

Nọ́ọ̀sì ò lè dìde. Adúmáadán bẹ̀rẹ̀, ó gbé ọmọ lé e lọ́wọ́, ó sì jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Láti ọjọ́ Ajé tí wọ́n ti mú un, ara rẹ̀ àti ọmọ rẹ̀ ló ń du. Ìgbà yẹn ló tó ráyè sunkún bàbá.